Kò Sí "Ṣùgbọ́n" Nínú Dúdú

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí a jọ gbé e yẹ̀ wò lónìí, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ́ pé ọwọ́ yín ni èdè yìí yóò bọ́ sí lọ́la.

Ẹ tẹ́tí sí àwọn alága ìdúró níbi ìgbéyàwó lóde òní. Bí ìyàwó bá jẹ́ ẹni pupa, wọn a ní, "Ẹ wo arẹwà!" Ó parí. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá jẹ́ ẹni dúdú, ẹ ó gbọ́ tí púpọ̀ nínú wọn ń sọ pé, "Ó dúdú, ṣùgbọ́n ó rẹwà." Àwọn ènìyàn a pàtẹ́wọ́, onílù a lù ú, ìyá ìyàwó a sì fi owó lé e lórí. Kò sí ẹni tí yóò bèèrè ohun tí "ṣùgbọ́n" ń wá láàárín gbólóhùn náà. Ẹni tí ó bá sọ pé "Ó ga, ṣùgbọ́n ó gbọ́n" ti jẹ́ kí a mọ̀ pé lójú tirẹ̀, gíga àti ọgbọ́n kì í gbé inú ilé kan náà. Bákan náà ni ẹni tí ó ní "Ó dúdú, ṣùgbọ́n ó rẹwà" ṣe ń sọ fún wa pé àbùkù ni dúdú, àti pé ẹwà ni a fi ń tọrọ àforíjì fún un.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: "ṣùgbọ́n" yìí kì í ṣe ọmọ bíbí ilé wa. Àlejò ni. Ẹnu ọ̀nà ìtumọ̀ ni ó gbà wọlé, ó sì ti jókòó pẹ́ débi pé àwọn kan rò pé òun ni ó ni ilé.

Kí ni dúdú ní ilé tirẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. "Dúdú" tí a ń pè ní ọ̀rọ̀ àpèjúwe, inú ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ti jáde. "Dú" ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà: aṣọ dú, ọ̀run dú, ara rẹ̀ dú. A ṣe àpètúnpè rẹ̀, ó di dúdú, gẹ́gẹ́ bí funfun ṣe ti ara "fun" jáde. Nítorí náà, dúdú kì í ṣe orúkọ tí a kàn lẹ̀ mọ́ nǹkan lára. Ohun tí nǹkan ń ṣe ni, ohun tí ó ń dà ni. Aṣọ tí a rẹ sínú aró lẹ́ẹ̀kan yóò dú díẹ̀. Bí a bá tún un rẹ, yóò dú sí i. Bí a kò bá sinmi, yóò dú kirikiri.

Ohun kejì tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé dúdú fẹ̀ ju black àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ. Aṣọ tí Gẹ̀ẹ́sì wò tí ó pè ní blue, tí èlú fi àwọ̀ sí lára nínú ìkòkò aró, dúdú ni aláró pè é. Ẹni tí ó bá ń túmọ̀ dúdú sí black níbi gbogbo láìronú ti gé lára ọ̀rọ̀ náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹ wá gbọ́ oríkì tí àwọn baba wa fi ń ki ẹni dúdú tí ó lẹ́wà: adúmáadán. Ẹ tú u wò: a-dú-máa-dán. Ẹni tí ó dú tí ó sì ń dán. Níbo ni "ṣùgbọ́n" wà níbẹ̀? Dídú àti dídán jọ wọ inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n sì di ara wọn lọ́wọ́ mú. Wọn kò sọ pé ó dú síbẹ̀ ó ń dán. Bí a bá sì fẹ́ fi nǹkan wé e, kóró iṣin ni a ń tọ́ka sí, èyí tí ó dú tí ó sì ń kọ yànrànyànràn nínú èso pupa tí ó là.

Kì í ṣe pé wọ́n gbé ẹni dúdú ga kí wọ́n lè tẹ ẹni pupa mọ́lẹ̀. Apọ́nbéporé ni wọ́n ń ki ẹni pupa, ẹni tí ó pọ́n bí epo. Méjèèjì ni oríkì, méjèèjì ni ìyìn. Nínú agbo ilé kan náà, bí ènìyàn méjì bá jẹ́ Ṣadé, a óò ní Ṣadé dúdú àti Ṣadé pupa, kí a lè mọ ẹni tí a ń pè, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ìdílé kan wà tí orúkọ wọn ń jẹ́ Dúdúyẹmí. Ẹ ka orúkọ náà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ta ni yóò fi ohun ìtìjú sọ ọmọ lórúkọ, tí yóò sì tún sọ pé ó yẹ òun?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwàǹwára kó Àdùkẹ́ mọ́ wọn. Ohùn ìsàlẹ̀ ni ó wà lórí "dù" níbẹ̀. Ẹni tí a ń dù láti kẹ́ ni Àdùkẹ́, kò kan àwọ̀ ara rárá. Ohùn ni ọ̀bẹ tí a fi ń gé ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ẹni tí kò ní ọ̀bẹ kì í pín ẹran.

Kí ni àwọn èdè mìíràn sọ?

Ẹ jẹ́ kí a rìn jáde díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ẹ̀yìn ògiri ilé wa nìkan ni a mọ̀.

Àwọn onímọ̀ ìtàn ọ̀rọ̀ gbà pé black àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti inú gbòǹgbò àtijọ́ kan jáde tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ mọ́ jíjó bí iná àti títàn. Ìyanu ibẹ̀ ni pé ìdílé gbòǹgbò kan náà ni wọ́n ka blanc tí Faransé ń pe funfun sí, àti bleach tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe ohun tí a fi ń sọ aṣọ di funfun. Báwo ni dúdú àti funfun ṣe jẹ́ ọmọ ìyá? Iná ni ìdáhùn. Nígbà tí igi ń jó, ó ń tàn; nígbà tí ó jó tán, ó di èédú. Ẹnì kan wo ọwọ́ iná, ẹnì kejì wo ohun tí iná fi sílẹ̀. Àwa náà ní èédú, ẹ sì gbọ́ "dú" tí ó ń dún nínú rẹ̀. N kò sọ pé dúdú àti black jọ jáde láti ilé kan o. Ìjọra ohùn tàbí ti ìtumọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí ìbátan: "bad" ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe burúkú, "bad" náà ni àwọn ará Páṣíà ń pè é, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tan mọ́ ara wọn.

Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní dúdú méjì. "Ater" ni èyí tí kò dán. "Niger" ni èyí tí ó ń dán. Inú niger ni negro ti jáde nínú èdè Pọtogí àti ti Sípéènì, tí ó sì di orúkọ tí a fi ń pe odindi ènìyàn lórí ọjà ẹrú. Àwọn Gíríìkì pe àwọn ènìyàn ìhà gúúsù Íjíbítì ní Aithiops, ìyẹn ẹni tí oòrùn jó lójú. Àwọn Lárúbáwá pe ilẹ̀ wa yìí àti gbogbo àgbègbè rẹ̀ ní ilẹ̀ Sudan, ilẹ̀ àwọn ènìyàn dúdú. Orílẹ̀-èdè kan ṣì ń jẹ́ orúkọ náà títí di òní.

Kí a má sì purọ́ mọ́ òyìnbó nìkan. Àwọn Haúsá, aládùúgbò wa, ń pe ìbànújẹ́ ní "baƙin ciki", ìyẹn ikùn dúdú, wọ́n sì ń pe ayọ̀ ní "farin ciki", ikùn funfun. Ohun tí èyí kọ́ wa ni pé kò sí ìtumọ̀ kankan tí a bí mọ́ àwọ̀. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni ó ń di ẹrù lé àwọ̀ lórí, olúkúlùkù sì mọ ẹrù tí ó dì. Ìbéèrè wa ni pé: ẹrù ta ni àwa ń rù?

Níbo ni "ṣùgbọ́n" gbà wọlé?

Orí kìíní Orin Sólómọ́nì, ẹsẹ karùn-ún, ni kí a yà sí. Obìnrin kan ń sọ nípa ara rẹ̀ níbẹ̀ pé òun dú, ó sì sọ pé òun lẹ́wà. Ohun tí ó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ nínú èdè Hébérù kò ju lẹ́tà kan lọ, èyí tí ó lè dúró fún "àti", tí ó sì lè dúró fún "ṣùgbọ́n". Àwọn tí ó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Gíríìkì láyé àtijọ́ fi "kai" sí i, ìyẹn "àti". Ìtumọ̀ Látìn tí ìjọ Kátólíìkì lò fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún fi "sed" sí i, ìyẹn "ṣùgbọ́n". Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti Ọba Jámẹ́sì, ọdún 1611, tọ ipa Látìn. Nígbà tí odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní ọdún 1884, "ṣùgbọ́n" ni ó wà níbẹ̀.

Mo ń sọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther tí ó ṣe olórí iṣẹ́ ìtumọ̀ náà, ọmọ Òkè-Ògùn níhìn-ín ni. Òṣoògùn ni wọ́n ti kó o lẹ́rú ní ọdún 1821, ilẹ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìṣẹ́yìn sì ni ibẹ̀ lónìí. Ohun tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún èdè wa, a kò lè san án tán. Bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé "ṣùgbọ́n" kò ní ẹsẹ̀ kankan nílẹ̀: ní ẹsẹ kẹfà, obìnrin náà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má tẹjú mọ́ òun nítorí pé oòrùn ni ó jó òun. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àgbẹjọ́rò fún "ṣùgbọ́n" lè tọ́ka sí ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ìtìjú obìnrin tí wọ́n fi ṣọ́ ọgbà àjàrà nínú oòrùn, láàárín àwọn tí ó jókòó sí abẹ́ òjìji, ọ̀rọ̀ ìlú tirẹ̀ ni. Kì í ṣe òfin tí a gbé kalẹ̀ fún gbogbo ẹni dúdú ayé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti ronú: nínú ìtumọ̀ New Revised Standard Version ti ọdún 1989, wọ́n ti mú "ṣùgbọ́n" kúrò, wọ́n sì fi "àti" rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó ni ẹrù ti ń sọ ọ́ kalẹ̀, àwa tí a bá a rù ú ni a ṣì ń jó lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn tí yóò ta kò mí

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní Yorùbá fúnra rẹ̀ ń pe òǹrorò ní onínú dúdú, pé aṣọ dúdú ni opó ń wọ̀ fún ọ̀fọ̀, pé àlà funfun ni ti Ọbàtálá. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. N kò sì ní fi ọwọ́ bò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ìyókù ìwé náà pẹ̀lú. Kí ni Yorùbá ń pe irọ́ tí kò ní ìtìjú rárá? Irọ́ funfun báláú. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní irọ́ funfun ni irọ́ kékeré tí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ní tiwa, irọ́ funfun ni baba irọ́. Kí ni a ń pe ìyà àti ìnira? Ìpọ́njú. Ẹ tú òun náà wò: pọ́n àti ojú. Pupa ni ìyà nínú èdè Yorùbá, kì í ṣe dúdú. Aṣọ funfun náà sì ni a fi ń di òkú lọ sí sàréè.

Nígbà náà, irọ́ funfun, ìyà pọ́n, ìkà dú. Àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a ti fi kan ibi, àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a sì ti fi kan ire. Ta ni ẹ ti gbọ́ rí kí ó sọ pé, "Ó pupa, ṣùgbọ́n ó rẹwà," nítorí ìpọ́njú? Ta ni ó sọ pé, "Eyín rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n kì í purọ́"? Kò sí. Ó wá ṣe jẹ́ pé dúdú nìkan ni a ń bá wá àwíjàre? Ìdáhùn ni pé kì í ṣe inú èdè wa ni ẹjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo dúdú láti Òtu

Bí ẹ bá dúró ní Òtu, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, nínú ilẹ̀ ọ̀dàn Òkè-Ògùn yìí, ẹ ó rí i bí àwọn àfiwé tí a ń yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe ní ilẹ̀ tí wọn yóò tẹ̀.

Ìkúukùu dúdú jẹ́ àmì aburú nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbẹ̀ tí ó ti kọ ebè tán, tí ọ̀dá sì ti dá a láti ìgbà tí àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Nígbà tí ojú ọ̀run bá dú, tí òjò ṣú dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rín ni yóò rín. Ilẹ̀ dúdú ni yóò sì wá gbin iṣu sí, nítorí òun ni ilẹ̀ ọlọ́ràá. Bí iṣu náà bá ta, tí a bẹ ẹ́, tí a bọ̀ ọ́, tí a sá a, yóò di èlùbọ́ tí a mọ Òkè-Ògùn mọ́, èlùbọ́ yóò di àmàlà dúdú. Láfún náà wà, ó sì funfun. Ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ olóúnjẹ èwo ni ó kọ́kọ́ ń tán.

Gẹ̀ẹ́sì ní àgùntàn dúdú ni ọmọ tí ó ń dójú ti ìdílé. Wọ́n ní ìdí: irun àgùntàn ni wọ́n fi ń hun aṣọ, irun dúdú kò sì gba aró, owó rẹ̀ a wálẹ̀. Ṣùgbọ́n àgùntàn tiwa kò ní irun tí a ń rẹ́ fi hun aṣọ. Bí ó bá dú, bí ó bá funfun, kò yọ kọ́bọ̀ kúrò lára rẹ̀ lọ́jà. Òwú ni àwa fi ń hunṣọ. Ẹ wá yà sí Ìṣẹ́yìn, ìlú aṣọ òfì. Mẹ́ta ni àgbà nínú àwọn aṣọ náà: sányán, àlàárì àti ẹtù. Ẹtù ni ó dú, òwú tí a rẹ sínú aró lọ́pọ̀ ìgbà, tí a sì fi ìlà tínrín tínrín là. Bí ó bá ṣe dú tó ni iṣẹ́ ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀. Àwọn ọba àti ìjòyè ni ó ń wọ̀ ọ́ lọ sí òde ńlá. Ṣé àbùkù ni wọ́n ń dà bora ni?

Ọṣẹ tí ó ń fọ ìdọ̀tí ara kúrò ńkọ́? Ọṣẹ dúdú ni. Èdè tí ó bá ti dúdú pọ̀ mọ́ ìmọ́tótó báyìí kò lè jẹ́ èdè tí ó ka dúdú sí ẹ̀gbin.

Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún wa

Ẹnì kan lè sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo ń fà gùn. Rárá o. Ọ̀rọ̀ ni ó ń kọ́ ọmọdé bí yóò ṣe wo ara rẹ̀ nínú dígí. Fẹlá Aníkúlápó-Kútì fi orin Yellow Fever bá àwọn tí ń bó ara wí ní ọdún 1976. Ní ọdún 2011, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé obìnrin 77 nínú ọgọ́rùn-ún ní Nàìjíríà ni ó ń lo ìpara tí ń bó ara. Bí ẹ bá tilẹ̀ ní nọ́ńbà náà ga jù, ẹ lọ wo orí àtẹ ní ọjà tí ó bá súnmọ́ yín. Nínú irú àwọn ìpara bẹ́ẹ̀ ni a ti ń rí mẹ́kúrì, tí ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ọmọbìnrin tí ó gbọ́ "ṣùgbọ́n" láti kékeré, nílé, ní ilé ìjọsìn, níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ni ẹ rò pé yóò fi owó àkọ́kọ́ tí ó bá rí rà?

Nígbà tí àwọn akéwì Négritude bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ẹwà dúdú ní ìlú Páríìsì láàárín ọdún 1930 sí 1940, Wọlé Ṣóyínká wá bi wọ́n léèrè lẹ́yìn náà bóyá ẹkùn máa ń kígbe pé ẹkùn ni òun. Mo rò pé ọmọ tí a bí sínú èdè tí ó ní adúmáadán ni ó lè fi ọkàn balẹ̀ béèrè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwa fúnra wa bá ta adúmáadán, kí a fi owó rẹ̀ ra "ṣùgbọ́n", ìgbà wo ni a kò ní kígbe?

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi rèé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀bẹ̀ náà ní ẹ̀gún díẹ̀ lára.

Ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ ìròyìn, ẹ yé kọ "ọjà dúdú" fún wa. Ẹ sọ pé wọ́n ń tà á ní ìkọ̀kọ̀, tàbí pé fàyàwọ́ ni. Ẹ yé kọ "àgùntàn dúdú"; akótilétà wà nílẹ̀, ó sì mú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá dé ibi blackmail, ẹ má ṣe wá lẹ́tà dúdú kiri: mail tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe lẹ́tà, ìṣákọ́lẹ̀ ni nínú èdè àwọn ará Sìkọ́tílándì. Ẹ sọ pé wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn láti gba owó, yóò yé ìyá àgbà pàápàá.

Ẹ̀yin alága, ẹ̀yin akéwì, adúmáadán kò gbówó lórí. Ẹ lò ó.

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní dúdú, ẹ má fi black nìkan bẹ̀rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti "dú". Ẹ fi ẹtù hàn wọ́n, ẹ fi kóró iṣin hàn wọ́n.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ létí yín pé òun dúdú ṣùgbọ́n òun rẹwà, ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín pé gbólóhùn náà ní ọ̀rọ̀ kan lé. Kí ó yọ ọ́ kúrò, kí ó sì fi "sì" sí i: mo dú, mo sì rẹwà. Gírámà rẹ̀ yóò gún, ọkàn rẹ̀ náà yóò sì gún.

Ire o.